Báǹkì yọ owó lẹ́ẹ̀mejì, ìrẹsì ni wọ́n ń pín kiri

Ọmọ Kubwa: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Báǹkì kan ní Wuse, l'Ábújá níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ wọn. Lóṣù tó kọjá wọ́n yọ owó lẹ́ẹ̀mejì nínú àkáǹtì àwọn kọ́sítọ́mà. Màmá kan wá láti Nyanya, ó tú etí ìró ẹ̀ lójú mi, ó yọ rìsíìtì tó ti rún wómúwómú, 38,000 náírà, owó àjọ ni. Ọ̀gá ní ká máa sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, pé táráyé bá gbọ́, wọ́n á wá kó owó wọn lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n lọ pín ìrẹsì, tàwọn ti onífọ́tò. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi gbogbo nìyí? Oorun ò kùn mí mọ́.

Bàbá Ìbejì, Kano: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́, kì í ṣe báǹkì yín nìkan. Sabon Gari ni mò ń gbé. Ní 1996 tí yínrùnyínrùn ń pa àwọn ọmọ wa níbí, Pfizer, ilé iṣẹ́ apoògùn Amẹ́ríkà, wá dán oògùn Trovan wò lára nǹkan bí 100 ọmọ, wọ́n fún 100 míì ní oògùn mìíràn. Nínú gbogbo wọn, ọmọ 11 ló kú. Pfizer ní àìsàn ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn àwọn. Ìjọba Kano pè wọ́n lẹ́jọ́, ó di 2009 kí wọ́n tó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là, ó sì di 2011 kówó tó kan àwọn òbí tó kọ́kọ́ gbà. Ọdún 15 gbáko! Nígbà tí àwọn tó ń fúnni ní àjẹsára pólíò wá lọ́dún 2003, ọ̀pọ̀ òbí ti ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ Trovan yẹn wà lára ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù.

Àǹtí Gwarinpa: Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un sà. Ní 1982, ẹnì kan fi májèlé sínú Tylenol, oògùn ara ríro, ní Chicago l'Ámẹ́ríkà, èèyàn 7 kú. Johnson & Johnson tó ń ṣe oògùn náà kọ́ ló fi májèlé síbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n kó nǹkan bí mílíọ̀nù 31 ìgò kúrò lórí àtẹ, ó sì ná wọn ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ, àmọ́ àwọn èèyàn padà ń ra ọjà wọn. Ilé iṣẹ́ yẹn kan náà ló tún wá dèrò kóòtù lórí pọ́dà ọmọdé, ìyẹn ni mo ṣe gbà pé ọwọ́ ẹni tó bá wà lórí àga lọ́jọ́ náà ló wà. Ọ̀gá yín bẹ̀rù lóòótọ́, àmọ́ ó lówó ìrẹsì, kò lówó màmá yẹn?

Alámòójútó Jos: Kí màmá kọ̀wé sí báǹkì, kó gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọn ò yanjú ẹ̀, kó gbé e lọ sí CBN, báǹkì àpapọ̀ ìjọba.

Ọmọ Kubwa: Ẹ ṣé gan-an. Màmá ní àwọn ò mọ̀wé kọ, mo ti ní kí wọ́n wá sílé mi ní Sátidé, èmi ni màá bá wọn kọ ọ́.