Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni kí a ṣe gbé àwo orin punk wa tuntun jáde?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́rin la jọ ń kọ orin punk rock, a sì ti gba orin 12 sílẹ̀ fún àwo wa kejì. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 26 lọ, nítorí pé a kì í fa ọ̀rọ̀ gùn.

A fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí àwo ńlá oníìnṣì 12 tí abẹ́rẹ́ ń rìn lórí rẹ̀. Bí irú àwo bẹ́ẹ̀ bá ń yí ní ìgbà 45 ní ìṣẹ́jú kan dípò 33, ohùn rẹ̀ máa ń dún ketekete jù, ṣùgbọ́n àyè orin á dín kù. Ìṣẹ́jú 13 ni tiwa lójú kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹni tó ti dán an wò lè sọ fún mi bóyá gìtá wa, tó ń ké bí ayùn tó ń la pákó, kò ní dàrú nínú orin tó gbẹ̀yìn, níbi tí abẹ́rẹ́ ti sún mọ́ àárín àwo?

Ti ìpolówó ló tún kù. Nígbà àwo àkọ́kọ́, ọjọ́ kan náà la da gbogbo orin síta, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé a ṣe ohunkóhun. Èwo ni kí a fi ṣaájú báyìí: èyí tí àwọn èèyàn ń bá wa pariwo lójú agbo, àbí èyí tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ? Onílù wa fara mọ́ èyí tó kúrú. Èmi kò tíì gbà fún un. Ọ̀sẹ̀ mélòó ló sì yẹ kó wà láàárín orin àkọ́jáde yẹn àti odindi àwo?