«Argument» kì í ṣe àríyànjiyàn: «àfirán» ni mo fara mọ́

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó pe argument ní «àríyànjiyàn» nínú ìtumọ̀ Yorùbá ẹ̀kọ́ Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) fún olùbẹ̀rẹ̀ tí a ń yẹ̀ wò yìí kò parọ́ mọ́ ìwé atúmọ̀-èdè, ṣùgbọ́n ta ló ń bá kọ̀ǹpútà jiyàn? Kí kọ̀ǹpútà tó dé ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pe iye tí a gbé fún fọ́ńṣọ̀n (ìlànà tó ń sọ iye kan di òmíràn). Èyí ló wọ inú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kì í ṣe asọ̀.

«Àfikún» tí ọ̀pọ̀ yín fọwọ́ sí fún argument ńkọ́? Mi ò gbà. Ohun tó ti pé tẹ́lẹ̀ là ń fi nǹkan kún. Lóòótọ́, bí ẹ bá tẹ àṣẹ ls lásán sójú ìlà àṣẹ (terminal), láìkọ nǹkan kan tẹ̀ lé e, yóò to orúkọ fáìlì sílẹ̀ láìjanpata. Ẹ wá tẹ àṣẹ cp lásán wò: ariwo ni yóò pa, pé ẹ ò sọ fáìlì tí òun fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Kí là ń fi kún ohun tí kò lè dá dúró?

A máa ń fi owó rán ọmọ, a máa ń fi lẹ́tà rán ọ̀rẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti fa «àfirán» yọ. Àṣẹ ni ẹni tí a rán. Ohun tí a kọ tẹ̀ lé e lórí ìlà kan náà ni a fi rán an. Ẹ wo èyí:

python3 aropo.py 5 7

Àfirán méjì ni aropo.py, ètò Python kékeré kan, gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó tẹ sys.argv (àkójọ tí Python ń kó ohun tí a kọ sórí ìlà àṣẹ sí) jáde, nǹkan mẹ́ta lẹ máa bá níbẹ̀:

['aropo.py', '5', '7']

Orúkọ ìránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló jókòó sí ipò 0, torí láti 0 ni Python ti ń kà. Ibí yìí ni olùbẹ̀rẹ̀ ti máa ń ṣubú, nítorí náà ẹ má jẹ́ ká túmọ̀ sys.argv sí «àkójọ àfirán» lásán. Ìránṣẹ́ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ ni.

Ẹ tún wo àmì tó yí 5 àti 7 ká. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣe iye. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé pe string, orúkọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ní «okùn». Ó ti sú mi.) Bí ẹ bá ro sys.argv[1] pọ̀ mọ́ sys.argv[2], 57 lẹ máa rí, kì í ṣe 12, àfi bí ẹ bá fi int() sọ wọ́n di nọ́ńbà. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyẹn, bí ẹ ṣe rán an ló ṣe máa jẹ́ ẹ.

Fún flag bíi -v (àmì kékeré tí a fi ń yí bí àṣẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ padà), «àṣàyàn» ti tó. «Àsíá» kò yé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn oní-Python pàápàá ti yí tiwọn padà: títí dé Python 3.9, «optional arguments» ni argparse (irinṣẹ́ Python tó ń ka ohun tí a kọ tẹ̀ lé àṣẹ) ń kọ sójú ìrànlọ́wọ́, láti 3.10 ó di «options» péré.

Ẹnìkan ní àfirán yóò dàrú mọ́ àfiránṣẹ́ tí a ń pe í-meèlì. Ó jàre díẹ̀, àbùkù kan ṣoṣo tí mo rí nìyẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ti wà nílẹ̀ fún wa: «fi 5 àti 7 rán aropo.py». Kí ni ẹni tó yan àríyànjiyàn máa wá sọ níbẹ̀, «fi 5 àti 7 bá aropo.py jiyàn»?