Ta ló yan olórí ẹgbẹ́ yín? Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí n'Ìbàdàn

Ìyàwó Òkè-Àdó

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025 tí PDP ti ṣe ìpàdé àpapọ̀ wọn ní pápá Lekan Salami l'Ádàmásingbà ni ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ kì í ti í jẹun pọ̀ láìjà. Ilé ẹjọ́ kan l'Abuja ti ní kí wọ́n má ṣe ìpàdé náà, ilé ẹjọ́ kan n'Ìbàdàn níbí ní kí wọ́n máa bá a lọ. Wọ́n ṣe é, wọ́n yan Tanimu Turaki ní alága, wọ́n sì kéde pé àwọn ti lé Wike kúrò nínú ẹgbẹ́. Ìgun ti Wike ní àwọn ò mọ alága kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi ní ẹni tí àwọn aṣojú bá dìbò fún lójú gbogbo ayé ni alága. Àbúrò rẹ̀ ní, ta ló wá yan àwọn aṣojú náà? Èmi ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó bá ti ṣe ẹgbẹ́ rí nílùú yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí olórí yín ṣe dórí àga. Ẹ má dárúkọ ẹgbẹ́ yín bí kò bá wù yín. Ẹ má sì bá mi polongo fún ẹnikẹ́ni níbí o.

Akọ̀wé Wọ́ọ̀dù Tẹ́lẹ̀

Àbúrò ọkọ yín gbọ́n. Mo ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù kan ní Ìbàdàn North East, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìjà tó bá dé Abuja, wọ́ọ̀dù ló ti gbéra, nínú ìwé kan tí à ń pè ní réjísítà. Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹni tí réjísítà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló mọ ẹni tó lè dìbò. Àwọn tó bá dìbò ní wọ́ọ̀dù ló ń yan ẹ̀sìkó, ìyẹn àwọn olóyè ẹgbẹ́, àti délígéètì, ìyẹn àwọn aṣojú, àwọn yẹn á yan ti ìjọba ìbílẹ̀, ó di ìpínlẹ̀, ó di Abuja. Wọ́ọ̀dù 351 ló wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí réjísítà ìdajì wọn bá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn bàbá ìsàlẹ̀, ẹ wá sọ fún mi, orí kí ni alága tó jáde lókè jókòó lé?

Ti wa, ilé alága àtijọ́ ló wà. Bí ẹni tuntun bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́, wọ́n á ní sílíìpù ìforúkọsílẹ̀ ti tán, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn alága, sílíìpù á jáde láti inú dúrọ́ọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìpàdé tí a ti ń yan olóyè ẹgbẹ́, wá pé. Pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà ìpè, ibẹ̀ la kóra wa lọ. Oòrùn ń pa wá, a ò rí ìgbìmọ̀ tí wọ́n ní yóò wá darí ètò. Ọmọdé kan ló wá sọ fún wa pé, ‘Ẹ̀yin lẹ wà níbí, wọ́n ti ń pín ìrẹsì nílé alága o.’

Wọ́n ti ṣe kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tán! Ìgbìmọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n ka orúkọ láti inú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ wá láti ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ ní ‘bẹ́ẹ̀ ni’, ó parí. Àwa tí a wà ní pápá ò gbà. A tò sẹ́yìn ẹni tó wù wá, wọ́n kà wá, mo kọ ọ́ sílẹ̀, a buwọ́ lù ú. Bí wọ́ọ̀dù kan ṣe di alálága méjì nìyẹn. Alága kan ní èèyàn, èkejì ní fọ́ọ̀mù èsì. Fọ́ọ̀mù ni Abuja mú.

Ohun tó wá ń múnú bí mi títí dòní ni pé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni réjísítà. Wọ́n ní ká fi hàn pé ọmọ ẹgbẹ́ ni gbogbo àwọn tó tò ní pápá. Níbo la ti fẹ́ rí i? Ọwọ́ ẹni tí a ń pè lẹ́jọ́ ló wà.

Ìyá Aláṣọ Gbági

Akọ̀wé, ẹ kú ìrójú. Tèmi kì í ṣe ti pápá, inú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ni, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wa. Èmi ni olórí àwọn obìnrin nígbà náà. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ti fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí yóò jẹ́ alága wa ní ìjọba ìbílẹ̀. Àwa tí wọ́n ní a fohùn ṣọ̀kan, orí ìjókòó la ti gbọ́. Wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọlé.

Ẹni tó ń darí ètò gbé gbohùngbohùn, ó pe orúkọ, ó ní, ‘Ṣé ẹ gbà?’ Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, onílù ti dá a sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé àwọn onílù ti mọ̀ ṣáájú wa! Ọmọbìnrin kan tó jókòó tì mí dìde, ó na ọwọ́, ó ní, ‘Èmi ò gbà o.’ Ohùn rẹ̀ ja dáadáa. Ẹni tó gbé gbohùngbohùn wò ó lójú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, ‘Àwọn obìnrin ní àwọn gbà!’ Ìlù tún bú sókè. Mo dìde mo jó, torí bí a bá jókòó, wọ́n á ní àwa la ran ọmọ náà níṣẹ́.

Ẹ má bínú, n ò ní í ṣe bí ẹni mímọ́ níbí. Ìrẹsì tí wọ́n pín, mo jẹ ẹ́. Ańkárá náà wà nílé, aṣọ tó dáa ni, mo mọ aṣọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Kò pẹ́ tí alága yìí àti akọ̀wé rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí owó fọ́ọ̀mù. Alága nàró nípàdé, ó ní, ‘Wọ́n yàn mí sípò yìí ni!’ Akọ̀wé ní, ‘Ta ló yàn yín, ẹ̀gbọ́n? Ṣé onílù ni?’ Gbogbo ilé dákẹ́ lọ gbári. Ẹnikẹ́ni ò lè gbèjà rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó rántí pé òun dìbò fún un. Láti ọjọ́ náà ló ti jẹ́ pé bó bá pe ìpàdé, àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló ń lọ.

Ọmọ Iṣẹ́ Lọ́yà

Ìyá Aláṣọ, ẹ mú mi rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Fún ẹni tó fẹ́ du ipò ìjọba, Òfin Ìdìbò ti 2022, tí wọ́n lò títí di 2026, sọ ọ́ gedegbe ní abala 84 pé bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ lo ìfohùnṣọ̀kan, gbogbo àwọn tó ń du ipò náà tí wọ́n ti yẹ̀ wò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn yọ̀ọ̀da fúnra àwọn, àwọn sì fara mọ́ ẹni náà. Bí ẹyọ ẹnì kan bá kọ̀, kí wọ́n lọ dìbò. Ní ti ipò inú ẹgbẹ́, ìwé òfin ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Ohun tí òfin 2022 náà béèrè ni pé kí ẹgbẹ́ fún INEC, àjọ tó ń ṣètò ìbò, ní ìwé ìfitónilétí, ó kéré tán ọjọ́ 21 ṣáájú kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tàbí ìpàdé àpapọ̀. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi bí INEC ṣe fẹ́ mọ̀ pé onílù ti gba àṣẹ ṣáájú.

Bàbá kan gbé irú ẹjọ́ yìí wá sí ọ́fíìsì wa. Ó ti sanwó, ó ti di ìwé sínú báàgì, ó fẹ́ kí adájọ́ sọ pé òun ni alága. Ọ̀gá mi ṣàlàyé fún un pé láti ọdún 1983, nínú ẹjọ́ Onuoha àti Okafor, ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé ẹgbẹ́ kì í ṣe ti kóòtù. Wọ́n tún un sọ ní oṣù kẹta 2025 lórí akọ̀wé àpapọ̀ PDP, wọ́n tún un sọ ní oṣù kẹrin lórí olórí Labour Party. Léyìí tí wọ́n sọ yẹn náà, ìgun méjèèjì ló jáde wá sọ pé àwọn ló borí! Bàbá ní, ‘Ta ni kí n wá lọ fẹjọ́ sùn?’ Ọ̀gá ní ìgbìmọ̀ ìlàjà ẹgbẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín kíkorò: ẹni tó fẹ́ pè lẹ́jọ́ ni alága ìgbìmọ̀ náà.

Bàbá Òkè-Bọ́là

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ló bẹ̀rẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Inú agboolé wa ní Òkè-Bọ́là, a ò jìnnà sí ilé Awólọ́wọ̀, ni mo ti kọ́kọ́ rí ìjà ta-ni-olórí, ní 1962. Bàbá mi ní ọkàn, àbúrò rẹ̀ ní ọkàn, gẹ́lẹ́ bíi ti ilé ìyàwó wa tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ yìí.

Awólọ́wọ̀ ni olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1951. Nígbà tó lọ sí ilé ìgbìmọ̀ l'Ékòó ní 1959, Akíntọ́lá di Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Ìgbà tí wọ́n dé ìpàdé ẹgbẹ́ ní Jos, ní oṣù kejì 1962, ó ti fọ́. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí: ta ló ni Olórí Ìjọba? Bàbá mi ní ẹgbẹ́ ló gbé e dórí àga, ẹgbẹ́ lè ní kó sọ̀kalẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kí wọ́n dìbò nínú ilé bí wọ́n bá tó bẹ́ẹ̀. Mo rántí pé wọ́n máa ń sọ ọ́ títí epo á fi tán nínú àtùpà. Èmi kì í ṣe ọmọ Akíntọ́lá o, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dàgbà ni mo ń rí i pé àbúrò bàbá mi náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Aṣòfin 66 fọwọ́ sí lẹ́tà pé àwọn ò tẹ̀ lé Akíntọ́lá mọ́, wọ́n gbé e fún Gómìnà, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, Gómìnà yọ ọ́, wọ́n búra fún Adégbénró dípò rẹ̀. Akíntọ́lá ní òun ò kúrò. Ní ọjọ́ 25, ilé ìgbìmọ̀ jókòó, kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun, ẹnì kan ti fò sórí tábìlì, àga ń fò, ọlọ́pàá yin tajútajú. Bàbá mi wà ní Agodi lọ́jọ́ náà láàárín àwọn èrò. Ó wọlé pẹ̀lú ojú pípọ́n, ìyá mi ń bu omi sí i lójú, àbúrò rẹ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi í pé, ‘Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti kà wọ́n?’ Ọ̀rọ̀ yẹn dun bàbá mi ju tajútajú lọ.

Ẹ mọ ìyókù. Wọ́n kéde ìjọba pàjáwìrì ní ọjọ́ 29, wọ́n gbé Dókítà Májẹ̀kódùnmí wá. Ọjọ́ kìíní 1963, Akíntọ́lá padà sórí àga láìsí pé ẹnikẹ́ni dìbò. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún náà, àwọn adájọ́ London, tí ẹjọ́ wa ń parí sí lọ́dọ̀ wọn nígbà náà, dá Adégbénró láre, pé ìfọwọ́sí tó fún Gómìnà. Orí asọ̀rọ̀mágbèsì la ti gbọ́ ọ, bàbá mi ti fẹ́ pa àgùntàn. Kó tó jáde, ilé ìgbìmọ̀ ti yí òfin padà, wọ́n ní ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ẹ̀yìn wá. Ẹjọ́ tí a jàre rẹ̀ di asán. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ò bára wọn sọ̀rọ̀ títí wẹ́tìẹ̀ fi dé.

Òṣìṣẹ́ Agodi

Bàbá, ẹ ṣeun. Tèmi kò gùn. Ọ́fíìsì wa ní Sẹkitéríàtì ni mo wà ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní 2006 tí aṣòfin 18 nínú 32 ní àwọn yọ Gómìnà Ládọjà. Ìjà òun àti Adédibú, bàbá ìsàlẹ̀ PDP ní Mọ́lété, ló fà á, inú ẹgbẹ́ kan náà sì ni àwọn méjèèjì. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òfin sọ, 18 kò tó o, ọmọ iléèwé mọ̀. Síbẹ̀ ọ̀gá wa ní ká sọ fọ́tò gómìnà kalẹ̀, ká gbé ti Alao-Akala, igbákejì rẹ̀, kọ́. Àgbà kan lára wa kò jẹ́ kí wọ́n sọ ti tẹ́lẹ̀ nù, ó tì í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá Ládọjà padà ní oṣù kejìlá ọdún náà, aṣọ ìnulẹ̀ nìkan la fi nù ún.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹni yẹn kan náà ni wọ́n dé adé fún ní Mápó ní oṣù kẹsàn-án 2025, Ọba Ládọjà, Olúbàdàn wa. A ò dìbò fún un, kò sì sẹ́ni tó ní kì í ṣe òun. Ẹni tó bá kàn ló kàn, ìlà Ọ̀tún àti ti Balógun, gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó wà lórí àtẹ̀gùn oyè. A jà lóòótọ́ ní 2017 tí Gómìnà Ajímọ̀bi dé adé fún ìjòyè àti baálẹ̀ 21, Ládọjà kọ̀ ọ́ nígbà náà. Ìjà yẹn gan-an, ẹni tó fọwọ́ kan àtẹ̀gùn la ń bá wí. Ìbò kọ́ ni ẹgbẹ́ wọ̀nyí ṣaláìní. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ rí àtẹ̀gùn.

Akọ̀wé Wọ́ọ̀dù Tẹ́lẹ̀

Mo gbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n olóyè lè dúró de ogún ọdún, alága ẹgbẹ́ kò lè dúró de ọdún mẹ́rin.

Ìyá Aláṣọ Gbági

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àwa obìnrin ní a ò ní í dá owó kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tó ń bọ̀ àfi tí wọ́n bá lẹ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì wọ́ọ̀dù. Wọ́n bínú, wọ́n ní ta ló kọ́ wa. Nígbà tí owó ò wọlé, wọ́n lẹ̀ ẹ́. Mo fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ mi wà níbẹ̀, wọ́n ṣì í kọ. Ọmọbìnrin tó ní òun ò gbà lọ́jọ́sí, tirẹ̀ ò sí. Ọkọ mi tí kò wọ ẹgbẹ́ rí láyé rẹ̀, tirẹ̀ wà, wọ́n sì ti bá a fọwọ́ sí i. A ti kọ lẹ́tà. A ò tíì dá owó náà.