Àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń tọ́jú dátábéèsì: kí ni ojú yín ti rí?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Èmi ni mò ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìbàdàn, orí MySQL, ètò tí a fi ń tọ́jú dátábéèsì, sì ni ẹni tó ṣe ètò náà gbé e kà. Irinṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni phpMyAdmin, tí a ń lò nínú browser, nítorí pé òun ló bá cPanel, ojú ìṣàkóso server wa, wá. Bí mo bá fẹ́ wo orúkọ ẹnìkan tàbí kí n tún iye owó kan ṣe, ó rọrùn fún mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ wọlé, ó ní ó ṣeé ṣe kí fáìlì mi tóbi jù, ó sì ní kí n lọ ka ìwé ìtọ́nisọ́nà. Mo kà á, kò yé mi. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ ti rí lọ́wọ́ àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí, èwo ni ẹ sì lè fi ọkàn tán?

Ọmọ Ẹ̀gbá
Akọ̀wé, ẹ má dá phpMyAdmin nìkan lẹ́bi. PHP, èdè kọ̀ǹpútà tó gbé e ró, ni kì í gbà ju fáìlì mẹ́gábáìtì 2 lọ bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Orúkọ ètò náà ni upload_max_filesize, ẹnìkejì rẹ̀ tó ń jẹ́ post_max_size sì dúró sí 8. Bí ẹ bá gbé èkíní ga ju 8 lọ tí ẹ kò fọwọ́ kan èkejì, pàbó ni. Ẹ kọ́kọ́ fún fáìlì náà pọ̀ di .sql.gz, nítorí pé phpMyAdmin lè tú u fúnra rẹ̀, ìyẹn sì sábà máa ń tó. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé irinṣẹ́ náà mọ iye tí ó lè gbà, ó tilẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì, síbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ojú ẹ̀, yóò máa sọ pé "ó ṣeé ṣe".

Kò-Sí-Wàhálà
Ẹ ṣí mysql lójú dúdú, níbi tí a ti ń kọ àṣẹ láìsí bọ́tìnnì, kí ẹ lo àṣẹ source láti ka fáìlì náà wọlé, kí ẹ sì lọ jẹun.

Ìyá Ìbejì
Ti fáìlì ṣì kéré. SQL Server, dátábéèsì Microsoft, ni a ń lò níbi iṣẹ́ mi ní London, SSMS, irinṣẹ́ rẹ̀, sì ni a fi ń wò ó. Bí ẹ bá fi máòsì kun apá kan nínú àṣẹ tí ẹ kọ, tí ẹ sì tẹ F5, apá tí ẹ kùn yẹn nìkan ni yóò ṣiṣẹ́. Ó wúlò gan-an nígbà tí ènìyàn bá ń dán àṣẹ gígùn wò díẹ̀díẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí a jọ ń jókòó kọ DELETE, àṣẹ ìparẹ́, sí ìlà kìíní, ó kọ WHERE, tó ń sọ ìlà tí àṣẹ náà yóò kàn, sí ìlà kejì, ó kun ìlà kìíní nìkan, ó sì tẹ F5. Gbogbo ohun tó wà nínú tábìlì náà lọ. SSMS kò bi í léèrè ohunkóhun. Ó kàn kọ iye ìlà tó ti pa rẹ́ sí ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń já rìsíìtì fún oníbàárà. Ẹ̀dà ìpamọ́ òru àná ló yọ wá, ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni a tún fi ọwọ́ kọ. Títí di òní, WHERE ni ọmọ náà máa ń kọ́kọ́ kọ, kí ó tó padà sókè lọ kọ DELETE.

Oníyèméjì
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ẹ̀bi irinṣẹ́ kọ́ nìyẹn. Ẹni tí kò kọ BEGIN TRANSACTION, tó ń jẹ́ kí a lè dá iṣẹ́ padà, kí ó tó kọ DELETE sórí dátábéèsì tí àwọn oníbàárà ń lò, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é.

Ìyá Ìbejì
Àbúrò, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà eléwu bá jẹ́ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, tí ọ̀nà aláàbò sì jẹ́ ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ máa rántí kọ ní gbogbo ìgbà, ta ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Bàbá Oracle
Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé kí ẹ kọ́ṣẹ́ lórí Oracle. Nínú SQL*Plus, ojú dúdú dátábéèsì Oracle, ohun tí o bá pa rẹ́ kò tíì lọ títí tí o ó fi kọ COMMIT. Bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀, kọ ROLLBACK, ohun gbogbo yóò sì padà sí àyè rẹ̀. Lóòótọ́, kò ní àwòrán, kò ní bọ́tìnnì, bọ́tìnnì ọfà òkè kì í sì í mú àṣẹ tí o kọ kẹ́yìn padà wá lórí Linux àyàfi bí o bá fi rlwrap, ètò kékeré kan, tì í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò já mi kulẹ̀ rí.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni ẹ sọ. SQL*Plus yìí kan náà ni ó máa ń ṣe COMMIT fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá kọ EXIT. Ẹni tí àyà rẹ̀ já, tó sáré jáde kí ohun tó ṣe má baà wọlé, ó ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Bí ó bá sì jẹ́ CREATE TABLE ló kọ tẹ̀ lé DELETE, Oracle yóò ti fi DELETE náà rinlẹ̀ kí ó tó dá tábìlì tuntun sílẹ̀.

Bàbá Oracle
Mo mọ̀. SET EXITCOMMIT OFF wà fún ìyẹn.

Kò-Sí-Wàhálà
Ìyẹn náà tún di ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ máa rántí kọ, Bàbá.

Adúláwọ̀ Houston
Ẹ jẹ́ kí n pa yín lẹ́rìn-ín. mysql tí Kò-Sí-Wàhálà ń yìn ní ààbò kan tó ń jẹ́ --safe-updates, èyí tí kì í jẹ́ kí UPDATE (àṣẹ àyípadà) tàbí DELETE kọjá bí kò bá ní WHERE tó lo kọ́kọ́rọ́ tábìlì náà, tàbí LIMIT, tó ń dín iye ìlà kù. Orúkọ kejì tí àwọn tó ṣe é fún un ni --i-am-a-dummy. Ẹni tó bá fẹ́ ààbò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe ara rẹ̀ ní òpè! Ta ni yóò kọ ìyẹn níṣojú ọ̀gá rẹ̀? Ní ti MySQL Workbench, irinṣẹ́ alábọ́tìnnì MySQL, ó ti tan ààbò náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ló ń fa àṣìṣe 1175 tí gbogbo yín mọ̀. Ó wá jẹ́ pé bí ẹnìkan bá béèrè nípa 1175 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe ń pa ààbò náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́ ọ.

Oníyèméjì
Èmi náà ti pa á. Ó ń dí mi lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì
Kò yà mí lẹ́nu.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Ewu tó ń bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe àṣẹ tí a kọ, bí kò ṣe ibi tí a wà nígbà tí a ń kọ ọ́. Ẹ rántí GitLab, iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn ènìyàn tọ́jú kóòdù wọn. Ní alẹ́ 31 January 2017, òṣìṣẹ́ wọn kan fẹ́ pa fódà dátà rẹ́ lórí server kejì ti PostgreSQL, dátábéèsì tí wọ́n ń lò, kí ó lè tún un dá, àṣé orí server àkọ́kọ́ gan-an ló wà. Ọ̀kan ń jẹ́ db1, èkejì ń jẹ́ db2, ojú àwọn méjèèjì sì jọra. Kí ó tó dá a dúró, nǹkan bí gígábáìtì 300 ti ku 4.5. pg_dump, ètò tó yẹ kó máa ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, kò ṣiṣẹ́, nítorí pé ti ẹ̀dà 9.2 ni wọ́n fi ń kó dátà PostgreSQL ẹ̀dà 9.6, ímeèlì tó yẹ kó ké gbàjarè kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Nǹkan bí wákàtí 6 iṣẹ́ ló lọ gbé. Lára ohun tí wọ́n pinnu lẹ́yìn rẹ̀ ni pé kí ojú àṣẹ server kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ gedegbe. Ohun tó mú mi dúró ti DBeaver, irinṣẹ́ tí mo fi ń wo dátábéèsì, nìyẹn: mo sọ fún un pé Production (èyí tí àwọn oníbàárà ń lò) ni èyí, ó fi àwọ̀ pupa sí i, ó sì ń dúró kí n fọwọ́ sí àyípadà kí ó tó wọlé. Ó ń jẹ RAM, àtẹ àṣàyàn rẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí ènìyàn nílò lọ, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí mo wà.

Bàbá Oracle
Èmi tí ojú mi kì í ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé ńkọ́?

Ọmọ Ọ̀yọ́
Ẹ ṣeun, Bàbá, n kò ronú kan ìyẹn. Ẹ lè kọ ọ́ sínú orúkọ ìsopọ̀ náà, kí ó máa hàn ní òkè ibi tí ẹ ń kọ àṣẹ sí.

Adúláwọ̀ Houston
Ìgbà tí ẹ ti dárúkọ PostgreSQL, ẹnikẹ́ni tó rántí pgAdmin III, irinṣẹ́ alábọ́tìnnì rẹ̀, yóò mọ̀ pé nígbà tí pgAdmin 4 dé ní 2016, tó di ohun tí a ń wò nínú browser, a sunkún. Kí ẹ tó rí tábìlì kan, ẹ ó ṣí Servers, ẹ ó ṣí Databases, ẹ ó ṣí Schemas, ẹ ó ṣí public, kí ẹ tó dé Tables. Ojú dúdú náà kò sì ṣàánú ènìyàn: títí di ẹ̀dà 11 ní 2018, bí ẹ bá kọ quit sínú psql, ojú dúdú PostgreSQL, kò ní í jáde; yóò rò pé àṣẹ SQL ni ẹ bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa retí kí ẹ parí rẹ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Ẹ ṣeun, .gz ti gbé fáìlì náà wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́: Ọlábísí ti di ?lábísí, Ṣẹ́gun ti di ???gun. Kò sì fún mi ní ìkìlọ̀ kankan.

Ìyá Ìbejì
Tábìlì yín wà lórí latin1, àtẹ lẹ́tà àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, nìyẹn, òun ni MySQL ń lò bí ènìyàn kò bá yan nǹkan mìíràn, títí tí ẹ̀dà 8.0 fi dé ní 2018. Ó mọ á, ó mọ í, kò mọ ẹ, ọ àti ṣ. Ẹ kọ SELECT HEX sórí òpó orúkọ náà, kí ẹ lè rí kóòdù lẹ́tà tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí 3F, àmì ìbéèrè gan-an ló ti wọlé, lẹ́tà yín kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá rí E1BAB9, ẹ ṣì wà níbẹ̀, ojú tí ẹ fi ń wò ó ló ń purọ́. phpMyAdmin kò lè sọ ìyàtọ̀ yẹn fún yín. Bí ó bá jẹ́ 3F, ẹ tún tábìlì náà dá pẹ̀lú utf8mb4, àtẹ tó mọ gbogbo lẹ́tà wa, kí ẹ sì tún fáìlì náà kó wọlé.

Oníyèméjì
Ẹ kọ orúkọ náà láìsí àmì, kí gbogbo wa sinmi.

Kò-Sí-Wàhálà
Ó pa safe-updates, ó tún fẹ́ pa àmì.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Oníyèméjì, orúkọ olówó ni a ń kọ, ẹ jẹ́ kí ó pé.

Adúláwọ̀ Houston
Akọ̀wé, ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń yan collation, òfin tí a fi ń fi lẹ́tà wé ara wọn, nínú àtẹ gígùn tó wà nínú phpMyAdmin, nítorí pé kò sí àlàyé tó wúlò níbẹ̀. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ sórí utf8mb4_0900_ai_ci, MySQL yóò ka Ọlá àti Ola sí ọ̀kan náà. Ó dára fún ẹni tó ń wá orúkọ, ṣùgbọ́n bí òpó náà bá jẹ́ UNIQUE, tí kì í gba orúkọ kan lẹ́ẹ̀mejì, yóò kọ̀ láti gba ẹnìkejì. Irú tó ní as_cs, tó ń ya àmì àti lẹ́tà ńlá sọ́tọ̀, ni kí ẹ mú.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Bí server yín bá jẹ́ MariaDB, dátábéèsì tó jọ MySQL, bí ó ti máa ń rí lórí ọ̀pọ̀ cPanel, ó ṣeé ṣe kí ó má mọ àwọn tó ní 0900, àṣìṣe 1273 ni ẹ ó sì rí. utf8mb4_bin yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà le: lẹ́tà ńlá àti kékeré yàtọ̀ lójú rẹ̀, àti pé bí ẹnìkan bá kọ ọ kí ó tó fi àmì òkè sí i, tí ẹlòmíràn sì kọ ó kí ó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, ó lè sọ pé orúkọ méjì ni. Ẹ wo apá ọ̀tún ojú ìwé àkọ́kọ́ phpMyAdmin yín. Irú server náà wà níbẹ̀.