Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gòkè lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ìyá Ìbejì (Kétu):
Ẹ kú alẹ́ o gbogbo ilé. Aide-soignante, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ni mí níhìn-ín ní Kétu lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ó sì ti pẹ́. Tí wọ́n bá gbé ọmọ ọwọ́ tí ibà ń ṣe dé lóru, tí ara ẹ̀ ti gbẹ, tí iṣan ọwọ́ ò hàn mọ́, èmi ni wọ́n máa ń pè, màá tan iná fóònù sí i lórí, màá fi ìka wá iṣan ẹ̀bá etí títí n ó fi bá a, abẹ́rẹ́ á wọlé, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Àwọn ọmọ stage, àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, tí mo fi èyí hàn ló ń padà wá bí infirmier d'État, nọ́ọ̀sì tó ní dìpúlómà ìjọba, tí wọ́n sì ń di ọ̀gá mi. Mi ò bínú sí wọn o, ọmọ dáadáa ni wọ́n, àmọ́ lórí ìwé iṣẹ́ yẹn kì í tilẹ̀ ṣe tèmi, tí nǹkan bá wá ṣe ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe bọ́ níbẹ̀.

Bàbá Àjàṣẹ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́ ìyá, ìsàlẹ̀ yẹn lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tọ́dún bá ń gorí ọdún échelon, ìyẹn àkàsọ̀ owó oṣù, á máa lọ sókè, owó á máa fi díẹ̀díẹ̀ lé, àmọ́ catégorie, ìyẹn ìpele òṣìṣẹ́, ò ní kúrò níbi tó wà àfi pẹ̀lú dìpúlómà tàbí concours, ìdánwò ìdíje. Ẹ gba BAC, ìwé ẹ̀rí ìparí sẹ́kọ́ńdìrì, kẹ́ ẹ wọ INMeS, ilé ìwé nọ́ọ̀sì ní Kútọnu, tàbí kẹ́ ẹ lọ sí ti Parakou, ọdún mẹ́ta ni licence, ìyẹn dìgírì àkọ́kọ́. Ẹ gbọ́ èyí o, ẹ má wọlé ìwé kankan láìgba ìwé àṣẹ mise en stage, èyí tí ìjọba fi ń yọ̀ǹda òṣìṣẹ́ láti lọ kàwé! Ẹnì kan tá a jọ ń ṣe garde, iṣẹ́ àyípo, lọ bẹ́ẹ̀, ó yege, ó gbé dìpúlómà dé, ipò àná náà ló ṣì wà torí kò sí ìwé pé wọ́n yọ̀ǹda ẹ̀. Ó dùn mí wọra.

Sage-femme Ṣábẹ̀ẹ́:
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n fi èmi agbẹ̀bí ṣe major, olórí òṣìṣẹ́, ní maternité, ẹ̀ka ìgbẹ̀bí, ilé kún fún ẹ kú oríire. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé léni lọ́wọ́ ni major, kì í ṣe catégorie, tí wọ́n bá gbé e fún ẹlòmíì lọ́la, ibi téèyàn wà náà ló wà. Èmi ni mò ń to garde, èmi ni mò ń ka oògùn, mo sì tún ń gbẹ̀bí. Ẹ lọ kàwé, ìyá.

Ìyá Ìbejì (Kétu):
Ẹ ṣeun, Olúwa á ṣe é fún yín. Ìwé SVT, ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè àti ilẹ̀ ayé, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń kà báyìí tí aláìsàn bá ti sùn, n ó forúkọ sílẹ̀ fún BAC bí candidat libre, ẹni tí kò sí nílé ìwé, ní série D, ti sáyẹ́ǹsì. Ta ló ní ìbéèrè BAC àtijọ́ lọ́wọ́? Físíìsì ló le fún mi jù.