Abẹ́rẹ́ inú ojú tàbí léésà fún màámi? Ẹ gbà mí o

Ọmọ Aláṣọ-Òkè: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Dókítà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ ti hù sábẹ́ rẹ́tínà màámi, awọ ẹ̀yìn inú ojú tí a fi ń ríran, lójú ọ̀tún, ó sì ń jò. Férémù ilẹ̀kùn tó tọ́ ṣánṣán, wọ́n ní ó wọ́. Bí wọ́n bá wò mí, etí mi ni wọ́n ń rí, imú mi ti dúdú. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà kò gbé fóònù láti ọjọ́ Ẹtì, ìyàwó rẹ̀ ló ń dá mi lóhùn wúyẹ́wúyẹ́. Nọ́ọ̀sì kan tún jágbe mọ́ wa nítorí àga! Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ni, INÚ OJÚ gan-an. Mo kà á pé wọ́n lè ti kámẹ́rà tín-ín-rín àti iná léésà bọ inú ojú, kí wọ́n jó iṣan náà dànù lẹ́ẹ̀kan. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́. Gúlúkómà, àrùn ojú tó ń fọ́ni lójú díẹ̀díẹ̀, ni ti bàbá tèmi. Oògùn ìkánsójú, wọn ò kán an, ìgò rẹ̀ kún abẹ́ ìrọ̀rí. Ṣé màámi ní ìtọ̀ ṣúgà?

Nọ́ọ̀sì Ojú: Léésà á jó rẹ́tínà pọ̀ mọ́ iṣan náà ni. Tó bá jẹ́ àárín gan-an, ibi tó jó kò ní ríran mọ́. Ìdí tí abẹ́rẹ́ fi gba ipò rẹ̀ nìyẹn. Kámẹ́rà tí ẹ kà nípa rẹ̀, gúlúkómà àti etí rẹ́tínà ni wọ́n sábà ń fi í ṣe. Ní ti abẹ́rẹ́, wọ́n á kán oògùn tí kò ní jẹ́ kó dùn wọ́n, ibi funfun ojú ni wọ́n á gún. Oṣooṣù ni lákọ̀ọ́kọ́, mẹ́ta ó kéré tán.

Bàbá Ṣẹ́gun: Avastin tí wọ́n ń gún sójú yẹn? Oògùn jẹjẹrẹ ni! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa ìyá yín.

Nọ́ọ̀sì Ojú: Alàgbà, òótọ́ ni, jẹjẹrẹ ìfun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ìwọ̀nba bíńtín ló ń wọ ojú, ó sì dínwó ju Eylea àti Lucentis tí wọ́n tún ń gún sójú lọ dáadáa.

Bàbá Ṣẹ́gun: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gbogbo nǹkan tán.

Ọmọ Aláṣọ-Òkè: Wọn ò ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n fa oògùn aláwọ̀ kan sí wọn lápá kí wọ́n tó ya fọ́tò ojú, ìtọ̀ wọn wá yẹ́lò. Màámi ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ti dé! Ẹ má bínú, mi ò lè máa gbówó lọ lóṣooṣù. Èyí tí wọ́n gún lákọ̀ọ́kọ́ ò kúkú ṣe nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì: Háà! Wọ́n ti gún ọ̀kan? Nígbà wo?

Ọmọ Aláṣọ-Òkè: Ṣáájú Àjíǹde. Mo ní ká sinmi ná. Àmọ́ ojú òsì náà ti ń rí ilẹ̀kùn ní wíwọ́ báyìí.

Nọ́ọ̀sì Ojú: Òsì pẹ̀lú?! Ẹ gbé wọn lọ lọ́la, ẹ má dúró de Amẹ́ríkà. Ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé ojú kejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Aláṣọ-Òkè: Kádì wa ti sọnù. Ṣé a ó tún ra òmíràn ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ RA KÁDÌ!