Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi lórí orin àwọn ọmọ àti dùùrù: a ti gbà á sílẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ rántí pé mo bèèrè pé báwo la ṣe máa gba ohùn àwọn ọmọ wa sílẹ̀ tí píánò ò fi ní bò wọ́n mọ́lẹ̀. A ti ṣe é ní Sátidé, ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Lágere n'Ífẹ̀ níbí.

Ẹni tó ní ká dé ìdérí píánò, ká sún maikì mọ́ àwọn ọmọ, ẹ ṣé gan-an, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Heidenröslein, orin èdè Jámánì tí Schubert ará Austria kọ ní 1815, a sọ ohùn ẹ̀ kalẹ̀ láti G sí F torí ohùn àwọn kékeré ń há lókè. Ìmọ̀ràn yín pé ká túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá, mo gbìyànjú ẹ̀ o, àmọ́ ohùn orin ò bá ohùn ọ̀rọ̀ mu, ọkọ́ ń di ọkọ̀, àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, la bá fi í sílẹ̀ ní èdè Jámánì ẹ̀. Nígbà tá a wá kan ti Ayọ̀ Bánkọ́lé, ọmọ Nàìjíríà tó kọ orin Yorùbá tí píánò ń gbè, ẹnu wọn là, bàbá yẹn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń gùn àti ibi tó ń sọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ló fẹ́ bà á jẹ́, a jókòó títí dí aago mẹ́rin kí wọ́n tó pa á, fáànù náà a pa á, ooru mú wa débi pé ìyá kan ń fi ìwé orin fẹ́ ọmọ ẹ̀.

Ẹ má fèsì mọ́ o, mo ti rí ohun tí mò ń wá.